Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Bí a ó ti fi àwọn ẹranko ayé han àwọn ọmọ wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé ìdílé ní ọ̀sẹ̀ yìí lè má jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹlòmíràn, nítorí ó jẹ mọ́ ẹranko àti ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù bá wa kà á dé òpin, ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ ilé wa gan-an ni.

Ní ọjọ́ kan, a yà sí ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìkàrẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣí ìwé aláwòrán kan tí a kó àwọn ẹranko ayé sí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ wọn fún wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, èyí tí ń gbé inú yìnyín, èyí tí ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Kò ṣi ẹyọ kan. Inú wa dùn, a sì yìn ín. Lẹ́yìn náà ni a bi í léèrè pé, kí ni à ń pe ẹkùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì? Kíá ni ó dáhùn pé, "Táígà ni, sà." Bàbá rẹ̀ mi orí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, nítorí òun náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

A wá nawọ́ sí aláǹgbá olórí pupa kan tí ń mi orí lára ògiri, a ní, "Èyí ńkọ́? Níbo ni ó ń sùn? Kí ni ó ń jẹ? Kí ló dé tí ó ń mi orí?" Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wo wa, àwa náà sì wo aláǹgbá. Kò sí ẹni tí ó fèsì.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn wa. A kò wí pé kí ọmọ má mọ ẹranko òkèèrè. Ọlọ́run kan náà ni ó dá gbogbo wọn, ó sì dára kí ọmọ Àkókó mọ bí ilé ayé ti fẹ̀ tó. Ohun tí à ń wí ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ mọ ẹranko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ó sì mọ orúkọ rẹ̀ ní pípé, òun ni yóò lè mọ ẹranko ilẹ̀ àjèjì ní òtítọ́. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn ti ti ilé, àwòrán lásán ni ti òkèèrè yóò jẹ́ fún un.

ORÚKỌ TÍ Ó TỌ́

Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, Olúwa kó àwọn ẹranko wá sí ọ̀dọ̀ Ádámù kí ó lè sọ wọ́n lórúkọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kì í mọ ìgbà tí ó bá sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ ẹkùn ṣe. Ẹkùn tiwa ní àmì tó-tò-tó ní gbogbo ara, ilẹ̀ Áfíríkà àti apá kan ilẹ̀ Éṣíà ni ó ń gbé. Táígà tóbi jù ú lọ, ilà dúdú gbọọrọ ni ó wà ní ara rẹ̀, ilẹ̀ Éṣíà nìkan ni a sì ti ń rí i nínú igbó, bíi Íńdíà, Rọ́ṣíà àti erékùṣù Sumatra. Kò sí ọdẹ Àkókó kan tí ó pàdé táígà rí nínú igbó wa, bí ó ti wù kí ó láyà tó. Nígbà tí a bá sọ fún ọmọ pé táígà ni ẹkùn, ẹranko méjì ni a sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkookò. Nígbà tí àwọn baba wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, ń túmọ̀ Bíbélì Mímọ́, èyí tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884, wọ́n bá ẹranko kan pàdé tí ń pa àgùntàn jẹ ní ilẹ̀ Jùdíà, tí ó jọ ajá, tí kò sì sí ní ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ìkookò ni wọ́n pè é. Ìkookò tí àwọn ọdẹ wa mọ̀, tí ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ líle rún egungun ní òru, ẹranko mìíràn ni. A kò dá àwọn baba wa lẹ́bi, nítorí láti orí ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni wọ́n ti mú wọn lọ sí ohun tí wọn kò mọ̀, ọ̀nà ọlọ́gbọ́n sì ni. Kí àwa náà gba ọ̀nà yẹn, kí a sì fi kún un pé, "Ọmọ mi, ẹranko méjì ni wọn o."

ÀWỌN ARÁ ILÉ TÍ Ó TI RÌN JÌNNÀ

Ẹ padà wá sí ara ògiri ní Ìkàrẹ́. Aláǹgbá olórí pupa yẹn, akọ ni. Orí tí ó ń mì, ó fi ń kìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ilẹ̀ òun nìyí, ó sì tún fi ń pe abo. Kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀ jù lọ, ó sì ń jẹ èèrà púpọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti nǹkan bí ọdún 1976 ni a ti ń rí irú aláǹgbá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà? Àwọn oníṣòwò ẹran ọ̀sìn ni wọ́n kó o lọ, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì ń bí sí i. Lónìí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń nawọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹranko àjèjì láti òkèèrè. Ẹranko ilẹ̀ òkèèrè tiwọn ni ẹranko ara ògiri tiwa.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú ọmọ jáde nígbà tí àwọn darandaran bá ń kọjá, kí ó wo lékeléke. Ẹyẹ funfun yìí ń tẹ̀lé màlúù nítorí tata àti kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé sókè. Kò sí ọmọ tí kò na ọwọ́ sí i rí pé kí ó fún òun ní èékánná funfun. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí fún un: ní ọdún 1877 ni a kọ́kọ́ rí lékeléke ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni kò kó o sínú ọkọ̀. Ìyẹ́ apá ara rẹ̀ ni ó fi la òkun Àtìláńtíìkì já. Ní ọdún 1953 a rí i tí ó ti ń pamọ ní Florida. Ẹ fi òkun náà hàn án nínú àwòrán ayé, kí ó fi ìka tọ ọ̀nà tí lékeléke gbà.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé sí abẹ́ òrùlé wa ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí òtútù bá dé sí ọ̀hún, ẹyẹ kékeré náà a fò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ilẹ̀ wa. Ní Ebbaken, ní agbègbè Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé ó tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tí ń sùn pọ̀ sí orí òkè kan. Ọmọ tí ó bá mọ èyí kò ní fi igi gún ilé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lulẹ̀ mọ́.

Òkété ńkọ́, èyí tí àwọn ìyá wa ń yan tà lójú ọ̀nà? Ní Morogoro, ní ilẹ̀ Tànsáníà, ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní APOPO ń kọ́ ìbátan òkété wa ní iṣẹ́. Imú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gbóòórùn bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun, ara rẹ̀ kò sì wúwo tó láti mú kí bọ́ǹbù náà bú. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa ni orúkọ rẹ̀, ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kàm̀bódíà. Ohun búburú tí ó hú jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2020. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn òkété mìíràn ń fi imú mọ ikọ́ ife nínú itọ́ aláìsàn. Àwa tí a máa ń wí pé, "Òkété, báyìí ni ìwà rẹ," ẹ jẹ́ kí a tún un wí lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

NÍ ORÍ ÒKÈ Ọ̀KÀ

Bí a bá kúrò ní Ìkàrẹ́, tí a gba Àkùngbá kọjá, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ bí ó ti ń gun òkè, a ó dé Ọ̀kà. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò rí àpáta lẹ́yìn àpáta àti igbó láàárín wọn. A fẹ́ kí àwọn òbí Ọ̀kà bi àwọn ọdẹ àgbà léèrè nípa ẹranko kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí rí, tí àwọn àgbà sì mọ ohùn rẹ̀ ní òru. Ọ̀wáwà ni.

Ọ̀wáwà kò ju ehoro ńlá lọ. Orí igi ni ó ń gbé, òru ni ó ń jẹ ewé, òru náà ni ó sì ń ké. Ta ni yóò rí i tí yóò gbà pé ìbátan erin ni? Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí pátákò kékeré, eyín rẹ̀ méjì ti òkè sì ń dàgbà láìdúró gẹ́gẹ́ bí eyín erin. Ẹranko kékeré tí ń fi àpáta ṣe ilé, èyí tí Sáàmù 104 àti Òwe 30 sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú ìdílé ọ̀wáwà yìí kan náà ni ó wà.

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kéde fún gbogbo ayé pé ọ̀wáwà tí ó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya yàtọ̀ sí gbogbo àwọn yòókù, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Igbe rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tú u fó: àwọn yòókù a máa han goooro, tiwa a máa gbó bí ajá. Ilẹ̀ Àkókó sì wà láàárín odò méjèèjì. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ohun tí ó jẹ́ ìròhìn tuntun fún àwọn onímọ̀ ní ọdún 2021, ó ti ń ké ní òru létí àwọn baba ńlá wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ wa jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣáájú àlejò.

Ohun mìíràn tún wà. Ilẹ̀ Àkókó kún fún oríṣiríṣi èdè, ìlú kan sí èkejì ni ohùn fi ń yí padà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ọ̀kà bi ìyá àgbà léèrè orúkọ ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ohùn Ọ̀kà, kí ti Ìkàrẹ́ bi tirẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan. Nígbà tí a bá sin àgbà tí a kò bi léèrè, a sin orúkọ púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń LỌ

Àwọn àgbà a máa wí pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Mélòó nínú àwa tí ń pa òwe yìí ni ó ti rí erin? Ní gbogbo Nàìjíríà, iye erin tí àwọn onímọ̀ fojú bù pé ó kù nínú igbó kò tó 400. Díẹ̀ nínú wọn wà ní igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kìnìún tí ó kù nínú igbó kò tó 50, ní Yankari àti ní ìhà adágún Kainji. A ń wí pé kàkà kí kìnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú yóò ṣe ọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n igbó tí àwọn méjèèjì yóò ti ṣe ọdẹ ni ó ń tán lọ.

Akika náà wà nínú ewu ńlá. Òun ni ẹranko tí ìpẹ́ bò bí ẹja, tí kò ní eyín, tí ń fi ahọ́n gígùn lá èèrà àti ikán, tí í sì í ká jọ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Oríṣi mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ ń kà, mẹ́rin ní Áfíríkà, mẹ́rin ní Éṣíà. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oníṣòwò ń kó ìpẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Éṣíà láti fi ṣe oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí èékánná ọwọ́ wa jẹ́ ni ìpẹ́ náà jẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

A kò sọ èyí láti ba ọmọ lọ́kàn jẹ́. Ẹ sọ ti àgùnfọn fún un pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 1996, àgùnfọn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kù 49 péré, ní ilẹ̀ Niger tí ó bá wa pààlà. Ìjọba àti àwọn ará abúlé gbà láti dá a sí. Lónìí ó ti ju 600 lọ. Ohun tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, ènìyàn náà ni ó tún un ṣe.

BÍ A BÁ FẸ́ LỌ WÒ WỌ́N

Òbí tí ó bá ní agbára lè mú ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko. Yunifásítì Ìbàdàn ní ọ̀kan tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1948. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Àkúrẹ́, tí ó sún mọ́ wa jù, Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní ọgbà ẹranko ìgbẹ́ tí a fi orúkọ T. A. Afolayan pè.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́ ọmọ ní ìwà. Kí ó má ṣe sọ òkúta lu ẹranko tí a sé mọ́, kí ó má ṣe ju oúnjẹ sí i, kí ó má sì ṣe na ọwọ́ wọ inú irin. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnìún kan ní ọgbà ti Ilé-Ifẹ̀ pa ọkùnrin tí ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ó ti ń bọ́ ọ fún ọdún púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí a má fi pamọ́ fún ọmọ. Kìnìún kì í ṣe ajá ilé, kì í sì í ṣe ẹni ibi, kìnìún ni. Ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i ni kí a fi fún un.

TI ÒKÈÈRÈ

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti múlẹ̀ báyìí, ẹ wá ṣí ìwé aláwòrán náà, kí ẹ sì fi ohun tí ó mọ̀ wọn ohun tí kò mọ̀. Ẹ sọ pé àgùnfọn tí ó bá dúró níta lè yọjú wọ inú ilé láti ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ sọ pé kangarúù ilẹ̀ Ọsirélíà ga tó ènìyàn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bí i, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, inú àpò ìyá rẹ̀ ni ó ti ń dàgbà. Ti àbùùbùtán ńlá inú òkun, tí ó tóbi ju gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí lọ, ẹ mú ọmọ jáde sí ìta, kí bàbá gbé ẹsẹ̀ gígùn 30, kí ọmọ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, kí bàbá dúró ní òpin, kí wọ́n máa wo ara wọn láti orí dé ìrù ẹranko náà. Ọmọ kì í gbàgbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún irọ́ inú àwòrán. Béárì funfun àti pẹ́ńgúìnì kì í pàdé, nítorí ìkangun àríwá ayé ni ti ìṣáájú, ìhà gúúsù ni ti èkejì. Kì í sì í ṣe gbogbo pẹ́ńgúìnì ni ó ń gbé inú yìnyín: ọ̀kan ń bẹ ní etí òkun Gúúsù Áfíríkà àti Namibia, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa.

Bí ọmọ bá sì béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe purọ́ fún un. Ẹ wí pé, "Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a jọ wá a." Ọ̀rọ̀ yìí kò bu ọlá òbí kù. Ní ilé ọ̀rẹ́ wa ní Ìkàrẹ́, bàbá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ aláǹgbá wọn láti ọjọ́ tí a wí yẹn. Nígbà tí a tún débẹ̀, ọmọ náà mú wa lọ sí ìdí ihò kan lẹ́bàá ògiri, ó fi ìka sí ètè kí a má sọ̀rọ̀, ó sì rọra wí pé, "Ibí ni ó ń sùn, sà. Ó máa ń wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ẹ̀yin òbí, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò pàṣẹ igbó tí a ó dá sí àti igbó tí a ó gé. Ohun tí a bá fi bọ́ ọkàn wọn lónìí ni a ó bá lẹ́nu wọn ní ọjọ́ náà. Kí Ẹlẹ́dàá tí ó dá kìnìún àti aláǹgbá fún wa ní ojú tí ń ríran. Àmín.